Ohun Tí Kò Pa Baba Wa

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní ìlú Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Wọ́n ti fi omi, iyọ̀, oyin àti orógbó kan ọmọ tuntun náà lẹ́nu, wọ́n sì ti wúre lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe é láti ayé àwọn baba ńlá wa. Lẹ́yìn èyí ni oúnjẹ dé: iyán funfun, ẹ̀fọ́ rírò tí epo rẹ̀ ń dán, àti pọ̀nmọ́ tí ó nípọn bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Bàbá kan tí ó jókòó tì mí, ẹni tí ó fi ogún ọdún ó lé jù mí lọ, jẹun tán, ó tọwọ́ bọ àpò agbádá, ó yọ sìgá, ó ṣáná sí i, ó sì ń tu èéfín rẹ̀ sókè, níbi tí kò jìnnà sí ìyá ìkókó àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ má bínú, ọmọ tuntun wà níbí.” Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọmọ mi, baba mi fa tábà títí ó fi di arúgbó kùjọ́kùjọ́. Ohun tí kò pa baba wa, kò lè pa wá.” Àwùjọ pàtẹ́wọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì dákẹ́.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ọjọ́ náà, mo wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun sì wọ́ lójú mi. Mo fi ọ̀wọ̀ bojú, ṣùgbọ́n ojo ni mo ṣe. Gbèsè ìdákẹ́jẹ́ náà ni mo fẹ́ san níhìn-ín.

Mo bẹ òǹkàwé pé kí ó bá mi gbé gbólóhùn bàbá náà yẹ̀ wò. Ó dùn-ún gbọ́ létí, ó ní adùn òwe, ó sì dà bí ẹni pé ó ń bọlá fún àwọn tí ó ti lọ. Ṣùgbọ́n irọ́ ni. Irọ́ mẹ́ta ni a dì pọ̀ sínú rẹ̀ bí ẹni di ẹ̀kọ sínú ewé. Ìkíní, ó ń sọ pé a mọ ohun tí ó pa àwọn baba wa. Ìkejì, ó ń sọ pé ohun tí wọ́n jẹ ni àwa náà ń jẹ. Ìkẹta, ó ń sọ pé àwọn baba wa kì í bi oúnjẹ léèrè ibi tí ó ti wá kí wọ́n tó gbé e sẹ́nu. Kò sí èyí tí ó jẹ́ òótọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kí n tó mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí n dárúkọ ọ̀tá tí mo ń bá wí. Àwọn irin kan wà tí ó jẹ́ pé májèlé ni wọ́n fún ara ènìyàn. Méjì nínú wọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwa Yorùbá mọ ọ̀kan láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́: òjé, tí àwọn olórìṣà Ọbàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Èkejì kò ní orúkọ ní èdè wa. Kádímíọ̀mù ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Ara kò ní iṣẹ́ kankan tí ó ń fi wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí a ti ń wọ ilé onílé. Òjé a máa díbọ́n bí èròjà tí ń mú eegun le, a sì bá a wọ inú eegun lọ jókòó. Kádímíọ̀mù a máa gba ẹnu ọ̀nà tí irin tí ẹ̀jẹ̀ nílò ń gbà wọlé, a sì lọ fi kíndìnrín ṣe ibùgbé. Bí ó bá ti débẹ̀, ó lè gba ọdún 10 sí 30 kí ìdajì rẹ̀ tó jáde. Àwọn irin wọ̀nyí kì í jẹrà, iná kì í jó wọn run, sísè kì í sì í bà wọ́n jẹ́. Ohun tí a jẹ lónìí lọ bá ti àná, ti ọ̀la yóò sì wá bá méjèèjì. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Nítorí náà ni ẹnikẹ́ni kò ṣe lè sọ pé, “Mo jẹ ẹ́ lánàá, kò ṣe mí ní nǹkan kan.” Ọ̀tá yìí kì í ṣe ti àná. Ọpọlọ ọmọdé ni òjé ń bà jẹ́, tí ọmọ náà yóò fi máa lọ sílé ẹ̀kọ́ tí ẹ̀kọ́ kò ní wọ̀ ọ́ lórí, tí olùkọ́ yóò sì máa pè é ní olódo. Nínú ara àgbàlagbà, a máa fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn kíndìnrín. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. Ọmọdé ni ó sì ń fara gbá a jù: bí òjé bá gba ẹnu wọlé, àgbàlagbà a máa gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ sára, ṣùgbọ́n ọmọ kékeré lè gba ìdajì.

Ẹ jẹ́ kí a wá yẹ irọ́ kìíní wò, pé a mọ ohun tí ó pa àwọn baba wa. Ta ni ó yẹ̀ wọ́n wò? Bí ọmọ bá kú, a ní àbíkú ni. Bí gìrì bá mú un, a ní ayé ni. Bí ọkùnrin ẹni àádọ́ta ọdún bá ṣubú lójijì, a ní wọ́n ta á ní ọfà. Èmi kò sọ pé òjé ni ó pa wọ́n. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí kò wo ìdí ikú kò lẹ́tọ̀ọ́ láti jẹ́rìí fún oúnjẹ pé kò pa ènìyàn.

Ní ilẹ̀ Japan, ní agbègbè Toyama, odò kan wà tí ń jẹ́ Jinzu. Láti ibi ìwakùsà Kamioka tí ó wà lápá òkè odò náà ni kádímíọ̀mù ti ń ṣàn wọ inú omi. Àwọn àgbẹ̀ ń darí omi náà sí oko ìrẹsì wọn, ìrẹsì sì fa májèlé náà mu. Àwọn ènìyàn ń jẹ ìrẹsì yìí lójoojúmọ́ láìrí àwọ̀ àjèjì lára rẹ̀, láìgbọ́ òórùn kankan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, eegun àwọn obìnrin, pàápàá àwọn ìyálọ́mọ tí ọjọ́ orí ti ń lọ, ń rọ̀, ó sì ń kán fún ohun tí kò tó nǹkan. Igbe tí wọ́n ń ké ni wọ́n fi sọ àrùn náà lórúkọ: itai-itai, èyí tí í ṣe “ó ń dùn mí, ó ń dùn mí”. Ọdún 1968 ni ìjọba Japan tó gbà pé kádímíọ̀mù ni orísun rẹ̀. Ìrẹsì ni baba àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń jẹ. Ìrẹsì ni àwọn náà jẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé Japan jìnnà. Ní ọdún 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara ní òkè ọya, àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í kú pẹ̀lú gìrì. Ibà ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ pè é. Nígbà tí àwọn oníṣègùn Médecins Sans Frontières dé ibẹ̀, tí a sì yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà wò, òjé ni ó kún inú rẹ̀. Àwọn òbí wọn ń wa góòlù. Òkúta tí ó mú góòlù náà mú òjé, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà ni wọ́n sì fi ń lọ òkúta yìí, nínú agbo ilé wọn. Eruku rẹ̀ bà lé ilẹ̀, ó bà lé oúnjẹ, ó bà lé ọwọ́ àwọn ọmọ tí ń rá kòrò. Ọmọ tí ó kú lé ní 400. Ẹni tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ará yòókù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé kòtò wà.

Irọ́ kejì ni ó wọ́pọ̀ jù láàárín àwa tí a fẹ́ràn àṣà wa, èmi náà sì ti pa á rí. A ní oúnjẹ ìbílẹ̀ ni a ń jẹ, nítorí náà a kò ní ohun tí a bẹ̀rù. Òtítọ́ ni pé orúkọ oúnjẹ náà ni a jogún. Oúnjẹ náà fúnra rẹ̀ ti yí padà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀.

Ẹ mú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ tí ìyá mi ń já lẹ́yìnkùlé, ilẹ̀ tí ó ti hù kò rí ohun kan rí ju eérú àti ewé jíjẹrà lọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ̀fọ́ kan wà tí mo máa ń rà ní ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan nítorí pé ó tutù yọ̀yọ̀, ó pọ̀, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Ìgbà tí mo bá a dé oko rẹ̀ ni ojú mi là: ilẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn ọgbà àwọn mẹkáníìkì ni, níbi tí omi bátìrì àti òróró ọkọ̀ ti ń ṣàn kọjá, tí wọ́n sì ti ń dáná sun ààtàn. Kò purọ́ fún mi. Èmi ni kò béèrè. Ewé bíi tẹ̀tẹ̀ a máa fa kádímíọ̀mù láti inú ilẹ̀ sínú ara rẹ̀, ibi tí omi ìfọfọ́ kò lè dé. Ní ti òjé, eruku rẹ̀ ni ó sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ara ewé àti gbòǹgbò. Ẹ má sì gbàgbé pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni òjé wà nínú epo pẹtiróòlù tí àwọn ọkọ̀ wa ń jó. Nǹkan bí ọdún 2004 ni Nàìjíríà tó bọ́ nínú rẹ̀. Ní 2021 ni Àlùjíríà, orílẹ̀-èdè tí ó gbẹ̀yìn gbogbo ayé, tó jáwọ́. Epo náà ti lọ, ṣùgbọ́n òjé tí ó tú sí ẹ̀gbẹ́ títì kò bá a lọ. Ibẹ̀ náà ni a ti ń gbin ẹ̀fọ́, ibẹ̀ ni a ti ń sun àgbàdo, ibẹ̀ ni a ti ń sá èlùbọ́.

Ẹ mú pọ̀nmọ́. Igi ni àwọn baba wa fi ń wì í. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń wi awọ, táyà ọkọ̀ tí ó ti gbó ni wọ́n ń dáná sí, nítorí pé ó rọjú ju igi lọ, iná rẹ̀ sì ń yára. Èéfín dúdú yẹn kò gbé òórùn nìkan. Ó gbé àwọn irin tí a fi ṣe táyà, ó sì tẹ́ wọn sí ara awọ. Pọ̀nmọ́ ni orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. A ń jẹ ẹ́, a ń wúre lé e lórí.

Ẹ mú ìkòkò ọbẹ̀ pàápàá. Amọ̀ ni ìyá ìyá mi fi ń se ọbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìkòkò irin dídà dé, èyí tí a ń yọ́ láti ara àlókù: ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì, agolo, àti pàǹtí irin lóríṣiríṣi tí ẹnikẹ́ni kò yà sọ́tọ̀. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n yẹ irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ wò ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, tí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014, rí i pé òjé ń jáde láti ara rẹ̀ sínú ohun tí ó bá kan bí a bá sè é nínú rẹ̀. Tòmátò kan, bẹ́ẹ̀ ni ọbẹ̀ wa kan. Obìnrin tí ó sì jí ní kùtùkùtù láti se oúnjẹ fún ọmọ rẹ̀ kò mọ̀ pé ìkòkò náà ń fi tirẹ̀ kún un.

Ibi tí ó wá burú jù ni ibi tí a ti ń yọ òjé láti inú bátìrì ọkọ̀ tí ó ti kú. Ògijo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀ láàárín ilé àwọn ènìyàn. Ní ọdún 2025, ìròyìn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ àti ará àdúgbò náà fi hàn pé òjé pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ju bí ó ti yẹ lọ. Òjé yẹn kò mọ ààlà ọgbà. Ó ń bà lé ata tí a sá, ó ń bà lé omi tí a gbé ṣí sílẹ̀. Ta ni yóò dúró ní Ògijo kí ó sọ pé ohun tí kò pa baba wa kò lè pa wá? Èwo nínú àwọn baba wa ni ó kọ́lé ti ibi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé?

Mo mọ̀ pé bàbá onísìgá yóò ti máa rẹ́rìn-ín mi. Yóò ní, “Ẹ̀fọ́ yí padà, pọ̀nmọ́ yí padà, tábà ńkọ́? Ewé náà ni baba mi fi sínú ìkòkò tábà rẹ̀.” Òun ni mo ń bọ̀ wá bá.

Tábà a máa fa kádímíọ̀mù láti inú ilẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ewé mìíràn lọ, a sì kó o jọ sínú ewé rẹ̀, ibi tí a ń fín gan-an. Kò nílò ilé-iṣẹ́, kò nílò òyìnbó. Ìbáà jẹ́ èyí tí a gbìn ní Òkè-Ògùn tàbí èyí tí a gbìn ní òkè òkun, ìbáà jẹ́ sìgá tí a fi bébà dì tàbí ewé tí a fi ọwọ́ lọ́, ìwà rẹ̀ ni. Aáṣáà tí àwọn ìyá wa ń fín sí imú tàbí tí wọ́n ń fi sábẹ́ ètè kò yọ sílẹ̀, nítorí ewé kan náà ni. Bí ènìyàn bá jẹ kádímíọ̀mù, ìfun a máa gba nǹkan bí 5 nínú 100 rẹ̀, a sì da ìyókù nù. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró kò ní irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀: ó lè gba tó ìdajì ohun tí èéfín bá gbé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí kádímíọ̀mù tí ó wà lára ẹni tí ń fa sìgá fi máa ń tó ìlọ́po méjì ti ẹni tí kì í fà á. Ẹni tí ń jẹ ẹ̀fọ́ ẹ̀gbẹ́ títì tí ó sì ń fa sìgá ti ṣí ilẹ̀kùn méjì sílẹ̀ fún olè kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ó dùn mí jù. Ẹni tí irin kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìfun rẹ̀ a máa gba kádímíọ̀mù ju ti ẹlòmíràn lọ, nítorí pé ara rẹ̀ ń wá irin kiri, ó sì ń gba ayédèrú rẹ̀. Àwọn wo ni irin kì í sábà tó lára wọn? Àwọn aboyún ni, àti àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìyá ìkókó tí ó jókòó lábẹ́ èéfín lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ náà kò ra sìgá, kò ṣáná sí i, a kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ìdarí tábà ti ọdún 2015 ti ka fífa sìgá léèwọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi tí ará ìlú ń pé sí, ó sì ti ka títa sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan léèwọ̀. Síbẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni a ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ dídì àti gúgúrú. Bàbá náà ní baba òun di arúgbó. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ojú ogun bọ̀ ni a máa ń rí kí káàbọ̀. Àwọn tí ogun gbé lọ kì í wá síbi ìsọmọlórúkọ láti sọ tiwọn.

Ó wá ku irọ́ kẹta, òun ni ó sì ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù, nítorí pé ó ń ba àwọn baba wa lórúkọ jẹ́. Ó ń sọ pé ohun gbogbo tí ó bá ti dé ọwọ́ wọn ni wọ́n ń jẹ. Ẹ gbọ́ ìtàn àlejò méjì. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì ti sọdá òkun wá sọ́dọ̀ wa: ọ̀kan ni ẹ̀gẹ́, èkejì ni tábà. Ẹ̀gẹ́ dé pẹ̀lú májèlé nínú ara rẹ̀. Kí ni àwọn baba àti ìyá wa ṣe? Wọ́n kò sọ pé àwọn ará ibòmíràn ń jẹ ẹ́, nítorí náà kò lè pa wá. Wọ́n bó o, wọ́n rìn ín, wọ́n dì í sápò, wọ́n gbé òkúta lé e, wọ́n jẹ́ kí ó kan, kí omi búburú inú rẹ̀ sì ro dànù, lẹ́yìn náà ni wọ́n yan án lórí iná. Wọ́n kọ́gbọ́n lára ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, títí kan àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bràsíì padà wálé. Iṣẹ́ tí a ń pè ní gàrí, ìgbẹ́jọ́ ni: wọ́n gbé oúnjẹ lọ síwájú adájọ́ kí wọ́n tó gbé e síwájú ọmọ. Àlejò kejì, tábà, ni a fún ní àga láìbi í léèrè ọ̀rọ̀ kankan, nítorí pé adùn rẹ̀ ti ṣíwájú ìbéèrè.

Èèwọ̀ tí a ń fi ṣẹ̀sín lónìí, irú ìgbẹ́jọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ẹnìkan jẹ ohun kan, ó rí ibi. Wọ́n ṣe àkíyèsí, wọ́n fi òfin dè é, wọ́n sì fi ìbẹ̀rù ṣọ́ òfin náà kí ọmọ tí kò gbọ́n má baà rú u. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ́ àrólé wọn ní tòótọ́, ọgbọ́n ìwádìí wọn ni kí ó jogún, kì í ṣe àwo ọbẹ̀ wọn nìkan.

Mo sì gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ yòókù, bí ó tilẹ̀ korò. Nígbà mìíràn, àwọn baba wa pàápàá ṣe àṣìṣe. Tìróò tí a fi ń lé ojú ọmọ, òkúta tí a lọ̀ ni, òjé sì ni ó pọ̀ jù nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ọmọ a fọwọ́ nu ojú, a sì fi ọwọ́ kan náà sẹ́nu. Ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2011, àwọn oníṣègùn rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, tìróò tí a fi lé ojú rẹ̀ ni wọ́n bá. Bákan náà ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kìlọ̀ fún àwọn aboyún nípa amọ̀ jíjẹ tí àwọn Ìgbò ń pè ní nzu, èyí tí a ń tà ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ọmọ Áfíríkà lọ́hùn-ún, nítorí òjé tí ó wà nínú rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ra tìróò tí a fi lé ojú àkọ́bí mi. Ìfẹ́ ni mo fi rà á. Ìfẹ́ ni gbogbo òbí fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n májèlé kì í béèrè bóyá ìfẹ́ ni a fi bù ú.

Àtakò kan wà tí mo bọ̀wọ̀ fún. Ẹnìkan yóò ní, “Ọ̀gbẹ́ni, tálákà ni ẹni tí ń ra ẹ̀fọ́ ẹ̀gbẹ́ títì. Ṣé ìwé tí o kọ ni yóò jẹ?” Òótọ́ ni. Ẹni tí ebi ń pa kì í yan ilẹ̀ tí ẹ̀fọ́ rẹ̀ ti hù. Ìdí nìyí tí mi ò fi ní gba ẹnikẹ́ni láàyè láti sọ ọ̀rọ̀ yìí di ẹjọ́ ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́. Ẹjọ́ àwọn tí ó ní agbára ni. Àwọn ni ó yẹ kí wọ́n yẹ ilẹ̀ oko ẹ̀yìn ìlú wò, kí wọ́n sì kéde èyí tí kò dára fún oúnjẹ. Àwọn ni ó yẹ kí wọ́n lé àwọn tí ń yọ́ bátìrì kúrò láàárín ilé àwọn ènìyàn, kí wọ́n sì fi òfin de táyà sísun níbi tí a ti ń wi awọ. Àwọn ni ó yẹ kí wọ́n máa mú ìkòkò láti inú ọjà lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ìjọba tí ó bá ń gba owó orí lórí sìgá tí kò sì lè lé e kúrò nítòsí ilé ẹ̀kọ́, ọmọ ni ó ń tà.

Ṣùgbọ́n kí ìjọba tó jí, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí ń jẹun lè béèrè ibi tí ẹ̀fọ́ ti wá. Ìbéèrè kò ní owó. Ó lè fi omi púpọ̀ ṣan eruku kúrò lára ewé. Ó lè kọ pọ̀nmọ́ tí ń rùn bí rọ́bà, kí alápọ̀nmọ́ lè mọ̀ pé a ti mọ̀. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọbẹ̀ tòmátò sùn nínú ìkòkò tí a fi àlókù irin dà. Ọmọ tí a bá fi ẹ̀wà, ẹja àti ewédú bọ́ yó, tí irin àti èròjà eegun pọ̀ lára rẹ̀, kì í rọrùn fún òjé àti kádímíọ̀mù láti rí àyè wọlé. Ní ti sìgá, kò sí ọ̀nà tí a lè gbà fọ̀ ọ́ mọ́, kò sí ìkòkò tí a lè pààrọ̀ fún un. Kí a jáwọ́ nínú rẹ̀ nìkan ló kù.

Bí mo bá tún pàdé bàbá náà, n ó dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, nítorí ọ̀wọ̀ ṣì jẹ́ ti àgbà. N ó ní: Ẹ kú àgbà, bàbá. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ yẹn, ẹ rántí pé a kọ́kọ́ fi omi kan ọmọ náà lẹ́nu, lẹ́yìn náà iyọ̀, lẹ́yìn náà oyin. A kò kàn rọ́ wọn sí i lẹ́nu. A dárúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sọ ohun tí ó wà fún, a sì wo ojú ọmọ náà kí a tó mú èyí tí ó kàn. Bí àwọn baba wa ti kọ́ wa láti máa fún ọmọ ní nǹkan nìyẹn. Èéfín sìgá yín nìkan ni ó wọ ẹ̀dọ̀fóró ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn láìsí ẹni tí ó dárúkọ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á.